Ibùgbé ní Ìlú Onílùú

Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ṣòro kí oṣù kan ó kọjá kí akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan má wá sí Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ láti gba ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ olùkọ́, nítorí pé ó ń múra ìrìn-àjò. Bí a bá jókòó tí a ń sọ̀rọ̀, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé ó tó wọlé. Èló ni wọ́n ń yá yàrá kan ní Manchester? Ṣé ó sàn kí ènìyàn yá ilé gbé fún ọdún méjì ní Houston kí ó tó rà, àbí kí ó tètè rà á? Owó oṣù mélòó ni onílé yóò gbà sílẹ̀? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni gbogbo wọn, ẹni tí kò bá sì béèrè wọn, ojú rẹ̀ yóò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú wọn, tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè nínú ọ́fíìsì mi. Òun ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín. Kí ni ó ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibi tí a kò bí i sí? Ṣé owó ni? Ṣé ìwé ni? Ṣé ìwà ni, àbí pípẹ́ níbẹ̀, àbí àánú ẹni tí ó bá níbẹ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìbéèrè àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe nìyí, kí ó fi sùúrù bá mi lọ díẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìlú tí gbogbo ọmọ Oòduà ń pè ní orírun, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Síbẹ̀, bóyá ni ìlú mìíràn wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìbéèrè yìí ti jẹ ẹ̀mí àti dúkìá tó èyí tí ó jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí èdè wa fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, 'onílé', ni a fi ń pe ẹni tí ó ni ilé, ẹni tí ó gba àlejò sílé, àti ẹni tí a ń san owó ilé fún. Ọ̀rọ̀ kan náà, 'àlejò', ni a fi ń pe ẹni tí ó wá kí wa tí yóò lọ lọ́la, àti ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ń gbé àárín wa láti ayé baba ńlá rẹ̀. Kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀ ni ó fa èyí. Ohun tí ó ń fi hàn ni pé, lójú àwọn tí ó ṣáájú wa, bí a ṣe ń gba ibùgbé kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń gba àlejò. Àlejò kì í ra ibùgbé, ńṣe ni ó ń 'wọ̀ sí' ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Bí ó bá jẹ́ pé ogun ni ó lé e wá, ó 'sá di' ẹnì kan. Ẹni tí ó wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ yìí ni yóò mú un lọ síwájú baálẹ̀ tàbí ọba, tí yóò sì dúró fún un pé kì í ṣe olè, kì í ṣe amí. Bí àlejò bá ń fẹ́ ilẹ̀ tí yóò fi dáko, onílé rẹ̀ ni yóò bá a tọrọ rẹ̀. Lọ́dọọdún ni yóò máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá: iṣu díẹ̀, epo, obì, bóyá itan ẹran ìgbẹ́ tí ó bá pa. Ìṣákọ́lẹ̀ yìí kò tó iye tí ilẹ̀ náà tó, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ó tó o. Ohun tí ó ń sọ ni pé, 'Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ni ín.' Àlejò kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, kò sì gbọdọ̀ gbin igi tí ó ń pẹ́ láyé sí i láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa èyí mọ́, tí kò sẹ́ onílẹ̀ lójú, tí kò sì dalẹ̀ ìlú, a kì í lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa jogún lílo ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílẹ̀ ṣe ń jogún tirẹ̀.

Àdéhùn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì ni. Àwọn tí ó máa ń rántí ìṣákọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀, àwọn tí ó máa ń rántí 'a kì í lé e' kò tó nǹkan. N kò sì ní tìtorí pé mo fẹ́ràn àṣà wa kí n fi àìlera àdéhùn náà pamọ́. Ìrántí ni ó fi ṣe ìwé. Ìgbà tí àwọn tí ó ṣe é bá ti kú, tí ọmọ wọn kú, tí iye ènìyàn pọ̀ sí i tí ilẹ̀ kò sì pọ̀ sí i, oníkálukú yóò máa rántí apá tí ó gbè é.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ nìyẹn. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, ogunlọ́gọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ sá wá sí ìhà gúúsù. Àwọn kan nínú wọn wọ̀ sí Ifẹ̀ àti àwọn abúlé rẹ̀, wọ́n báni dáko, wọ́n sì báni jagun. Nígbà tí ìgbé-pọ̀ kò rọgbọ mọ́, Ọọ̀ni Abewéilà fún wọn ní ibùdó tiwọn ní ẹ̀yìn odi ìlú, ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún náà. Kò pẹ́ tí ogun fi ṣẹ́. Ní ọdún 1849 Ifẹ̀ tú, àwọn ará Ifẹ̀ sì sá lọ sí Ìsọ̀yà. Ẹ wò ó: onílé di àlejò láàárín ọdún díẹ̀. Ní ọdún 1909 ẹ̀wẹ̀, Modákẹ́kẹ́ ni a tú ká, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n lọ sí Ọ̀dẹ Òmu, Ìkirè àti ibòmíràn, ó sì di nǹkan bí ọdún 1921 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí padà. Lẹ́yìn náà ni kòkó gbòde. Igi tí ó ń pẹ́ láyé ni kòkó, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń mú owó wá. Ìṣákọ́lẹ̀ kúrò ní iṣu àti obì, ó di ìwọ̀n kòkó, ó di ẹjọ́ ní kóòtù. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 tún fi àríyànjiyàn mìíràn kún un, nítorí àwọn kan kà á sí òpin ìṣákọ́lẹ̀, àwọn kan kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1981, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1983, èyí tí ó burú jù lọ nínú èyí tí ojú wa rí sì ni ti ọdún 1997 sí 2000.

Mo wà ní ìlú yìí ní àwọn ọdún tí ó gbẹ̀yìn yẹn. N kì í ṣe adájọ́, n kò sì fẹ́ sọ ẹni tí ó jàre. Gbólóhùn méjì ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí pé ìgbà tí mo gbọ́ wọn kò lóǹkà. Èkíní ni, 'Àlejò ni wọ́n.' Èkejì ni, 'A ti pẹ́ níbí kọjá ẹni tí à ń pè ní àlejò.' Ìdáhùn ni gbólóhùn méjèèjì jẹ́ sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ pé ìbí ni ó ń fúnni ní ẹ̀tọ́ ibùgbé, ẹni kejì ń sọ pé pípẹ́ ni. Bí wọ́n bá jókòó sọ̀rọ̀ títí di ọ̀la, wọn kò lè pàdé, nítorí pé ohun tí oníkálukú fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ní ti owó àti ìwé, àwọn ilé tí ó jóná nígbà náà, owó ni a fi kọ́ wọn, àwọn mìíràn sì ní ìwé nínú àpótí. Iná kò béèrè ìwé. Mo mọ àwọn tí ó ti kọ́lé, tí wọ́n ti ṣílé, tí wọ́n padà di ayálégbé ní àdúgbò tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ibi tí ògiri ilé wọn wà.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò nílé díẹ̀, kí a lọ sí ibi tí àwa fúnra wa ti jẹ́ àlejò. Kí ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tó gbalẹ̀, Gáná ni òkèèrè lójú ọ̀pọ̀ ìlú wa. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Òfà, Inísà àti Ẹjìgbò ti ń tajà ní Accra, Kumasi àti Tamale láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ń ṣàkóso ibẹ̀ àti ibí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń bi wọ́n léèrè ìwé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gba àbúrò rẹ̀ sílé, àbúrò a gba ọmọ ẹ̀gbọ́n, títí tí ìsọ̀ kan ní ọjà yóò fi di ìsọ̀ ìdílé. Wọ́n bímọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ náà gbọ́ Twi ju bí wọ́n ṣe gbọ́ Yorùbá lọ. Àwọn tí ó rí ṣe nínú wọn ra ilẹ̀, wọ́n sì kọ́lé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ilẹ̀ Gáná sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tí ó bá ti kó ilé rí láti àdúgbò kan sí èkejì ní ìlú kan náà mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì kò tó. Ọjà tí ó wà nílẹ̀ di ọ̀pọ̀, gbèsè tí ó wà níta di àwátì. Wọ́n ta ilé ní iye tí ẹni tí ó rà á bá fẹ́, wọ́n fi òmíràn sí ìkáwọ́ ọ̀rẹ́ pé kí ó máa bá wọn gba owó ilé. Ọkọ̀ sì kó wọn dé ìlú baba wọn, níbi tí àwọn kan kò ti ní yàrá kan tí wọn yóò sùn sí, tí àwọn ọmọ wọn kò sì mọ bí a ṣe ń kí àgbà ní àárọ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀kọ́ tí àwọn àgbà fà yọ nínú èyí. Wọ́n ní àjò kì í dùn títí kí onílé má rèlé. Wọ́n ní kí ènìyàn kọ́lé sílé kí ó tó kọ́ ti àjò. Ẹ̀kọ́ yìí wọ̀ wá lára débi pé ilé tí ọmọ ìlú bá kọ́ sílé ni a fi ń mọ̀ bí àjò rẹ̀ bá ṣànfààní. Ẹni tí ó bá dé Ẹjìgbò lónìí yóò rí ilé tí àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà ní Abidjan kọ́, àwọn mìíràn wà ní títì láti ọdún dé ọdún.

Ṣé ohun tí ọdún 1969 kọ́ wa nìyẹn ní tòótọ́? Àṣẹ Busia kò béèrè ẹni tí ó kọ́lé àti ẹni tí kò kọ́lé. Ìwé ni ó béèrè. Àwọn ènìyàn wa dé Gáná lábẹ́ àdéhùn kan: ẹnì kan gbà wọ́n sílé, wọ́n ṣiṣẹ́, wọn kò ba ìlú jẹ́, wọ́n pẹ́. Ní ọjọ́ kan, ìjọba sọ pé kì í ṣe èyí ni ẹ̀tọ́ yóò máa tinú rẹ̀ jáde mọ́, ìwé ni, ó sì fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ti inú àdéhùn kan bọ́ sínú òmíràn. Ilé kíkọ́ kọ́ ni ó ṣẹ̀ wọ́n. Bí wọn kò bá kọ́lé rárá, a ó ṣì lé wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó yí òfin padà lójijì lé àlejò lórí ni ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a fà yọ dá àlejò lẹ́bi pé ó gbàgbé ilé. Kò sì yẹ kí àwa Nàìjíríà fi ẹnu kan Gáná púpọ̀ lórí èyí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa pàṣẹ fún àwọn àjèjì tí kò níwèé pé kí wọ́n máa lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ ará Gáná. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni àwa fún wọn. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù, tí a fi lílọ wọn sọ lórúkọ, ṣì wà lọ́jà. Àwa ni a ń fi í kó ẹrù lọ sí pápákọ̀ òfurufú báyìí.

Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mú ìyàwó rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó náà, ilé ìwòsàn kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní ilẹ̀ kan lọ́nà Oǹdó, wọ́n ti mọ ìpìlẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n sì ti to búlọ́ọ̀kù jọ síbẹ̀. Ìyàwó fẹ́ kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ohun tí wọn yóò fi ra ilé níbẹ̀. Bàbá ní ewúrẹ́ kò ní bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú òun.

'Dókítà,' ni bàbá wí, 'ẹ bá mi bi wọ́n. Bí àwọn òyìnbó bá ní kí wọ́n máa bọ̀, ibo ni wọn yóò dé sí? Mo ti wà láyé nígbà tí àwọn ará Gáná dé. N kò fẹ́ kí ọmọ mi wá sùn sí pálọ̀ mi pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ.'

Ìyàwó kúnlẹ̀ kí ó tó fèsì. 'Ẹ má bínú, Bàbá. Bí a bá kọ́lé náà tán, a ó tì í pa ni. Owó tí yóò kó wọlé síbẹ̀ ni a ó fi máa yálé níbẹ̀. Ẹni tí kò sí nílé ni a ń kọ́lé fún.'

Àwọn méjèèjì ni ó sọ òtítọ́. Ọkọ kò sọ nǹkan kan, ó ń wo ilẹ̀, ó sì jọ pé òun ni wọn yóò padà dá lẹ́bi bí ó ti wù kí ó rí.

Mo sọ fún wọn pé kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ènìyàn ń rà gan-an bí ó bá ra ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ra fúláàtì nínú ilé alájà púpọ̀ kò ra ilẹ̀ rárá. Ọdún ni wọ́n rà: ọdún 99, tàbí 125, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ni ó ni ilẹ̀. Títí di ọdún 2022 tí òfin fi òpin sí i lórí ọ̀pọ̀ àdéhùn tuntun, ẹni tí ó ra irú fúláàtì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń san owó kan lọ́dọọdún fún onílẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ni ilé dúró lé. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibẹ̀. 'Ìṣákọ́lẹ̀!' ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní tiwa ńkọ́? Láti ọdún 1978, òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ìwé tí à ń pè ní C of O, èyí tí àwọn ènìyàn ń ta ẹran ọ̀sìn láti gbà, ẹ̀tọ́ láti gbé orí ilẹ̀ fún iye ọdún kan ni ó ń fúnni, ọdún 99 ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Ní Gáná, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1992 sọ pé àjèjì kò lè ní ilẹ̀ ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan. Kánádà, tí gbogbo ọmọ wa ń rọ́ lọ, ṣe òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2023 láti dá ọ̀pọ̀ àjèjì dúró kí wọ́n má ra ilé gbígbé fún ìgbà kan. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ wò, ibi gbogbo ni ènìyàn ti ń gbé lórí àdéhùn. Ẹni tí ó rò pé òun ti kúrò ní àlejò nítorí pé òun ti sanwó kò tíì ka ìwé tí òun fọwọ́ sí.

Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ ilé ní ìlú onílùú kò bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí mímọ ohun tí ìgbé-ayé ẹni níbẹ̀ dúró lé. Bí ó bá jẹ́ físà iṣẹ́ ni, ọdún mélòó ni? Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ mélòó ni ó kù? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kejì ọdún 2016, òfin ti pàṣẹ fún onílé pé kí ó yẹ ìwé ẹni tí ó fẹ́ yálé wò, bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti wà ní ìlú. Òfin sọ onílé di aṣọ́bodè. Bí a bá rà, ta ni ó ni ilẹ̀, ọdún mélòó ni ó sì kù lórí ìwé? Ta ni yóò sì dúró fúnni? Nílé, ènìyàn ni ó ń dúró fún ènìyàn. Lọ́hùn-ún, àkọsílẹ̀ bí ènìyàn ti ń san gbèsè ni ó ń dúró fún un, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sì ní àkọsílẹ̀ kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí láyé. Ó jọ ti àlejò tí ó dé ìlú lóru tí kò mọ ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n apá kan tún wà tí kò sí nínú ìwé, òun ni ó sì jẹ mí lógún jù. Mo ti wọ ilé àwọn ènìyàn wa ní Peckham àti ní ibòmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Àpótí ẹrù wà lórí kọ́ńbọ́ọ̀dù, a kò tíì tú u. Àwo tí ó dára wà nínú páálí, ó ń dúró de ilé tí wọn yóò kọ́ sí Ìbàdàn. Wọn kò mọ orúkọ ẹni tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ibẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀tọ́ láàyè láti dìbò, nítorí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ kò sì dìbò rí. 'Kí ló kàn wá ńbẹ̀? À ń lọ sílé.' Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín àpótí tí a kò tú yìí, ibo ni yóò pè ní ilé? Mo gbà pé àjò kì í dùn títí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òwe yìí ṣe ìdí tí kò fi ní bá ibi tí ó ń gbé ṣe ohunkóhun pọ̀, ó ń jẹ iṣu onílẹ̀ láìgbé ìṣákọ́lẹ̀ wá. Kì í ṣe owó-orí ilé ni mo ń wí, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ kì í fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìjẹ́wọ́ ni mo ń wí, èyí tí iṣu àti obì dúró fún láyé àtijọ́: pé, 'Mo wà láàárín yín, ohun tí ó kàn yín kàn mí.'

Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé mo ń di ẹrù náà lé àlejò lórí jù, pé àwọn onílé lọ́hùn-ún kò ní ojú àánú. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ewì Wọlé Ṣóyínká lórí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ti ń kà láti ìgbà pípẹ́, lórí ẹni tí ó ń wá yàrá ni. Onílé fẹ́ mọ bí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú tó kí ó tó dá a lóhùn. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní ọdún 1965 kò dé ọ̀rọ̀ ilé, àfi ìgbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 1968. Ọdún 1968 náà ni Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀. Òfin ni ó fi ipá mú onílé, kì í ṣe àánú.

Kí a má ṣe rẹ́rìn-ín wọn jù. Láti ìgbà tí Yunifásítì ti kó láti Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967, yíyá yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ ti di oko kòkó kejì ní ìlú yìí. Ẹni tí baba rẹ̀ gba ìwọ̀n kòkó ní abúlé ń gba owó yàrá ní Lágéré, Parákin àti Màyfíà. Mo ti bá ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ wá yàrá. Ìbéèrè onílé kìíní ni, 'Níbo ni ọkọ rẹ wà?' Onílé kejì béèrè ìjọ tí ó ń lọ. Ẹ̀kẹta gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe Yorùbá, ó ní yàrá náà ti tán, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ onílé kẹta yìí wà ní Leeds, ó ń wá ibi tí yóò yá. Owó ọdún méjì ni àwọn mìíràn ń béèrè kí ayálégbé tó fi ẹsẹ̀ wọlé. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 ka gbígba owó tí ó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wá yàrá ní Èkó lẹ́yìn náà mọ bí wọ́n ṣe ń pa òfin yẹn mọ́.

N kò rí bí a ṣe lè béèrè lọ́wọ́ onílé òkèèrè ohun tí a kò lè fún àlejò ní ìgboro Ifẹ̀. Kì í ṣe pé bí a bá tún tiwa ṣe ni wọn yóò tún tiwọn ṣe. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń ta ayálégbé nù bí ajá yóò mú ọ̀kan nínú ìwà méjì dé òkèèrè: yóò máa bẹ̀rù bí ẹni tí wọ́n lè ta nù nígbàkúùgbà, tàbí kí ó sáré ra ilé kí òun náà lè rí ẹni tí yóò ta nù. Mo ti rí méjèèjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ohun tí mo sọ fún àwọn àlejò mi kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn tán. Mo ní kí wọ́n má ta ilẹ̀, kí wọ́n má sì kọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n yálé gbé fún ìgbà tí físà àkọ́kọ́ bá fi wà, kí wọ́n ka gbogbo ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n tú àpótí wọn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n sì lọ kí ẹni tí ó ń gbé òkè àti ẹni tí ó ń gbé ìsàlẹ̀. Bàbá ní ọ̀rọ̀ olùkọ́ Yunifásítì kì í ní orí àti ìdí. Ìyàwó béèrè ohun tí ó yẹ kí òun mú dání bí òun bá fẹ́ lọ kí wọn, nígbà tí kò sí obì níbẹ̀. Mo ní kí ó mú ohunkóhun tí ó bá sè dání.

Wọ́n ti lọ báyìí. Bàbá ti gbin ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ ọ̀nà Oǹdó kí igbó má baà bo búlọ́ọ̀kù, ó sì ń fi èyí tí ó bá wú ránṣẹ́ sílé mi nígbà mìíràn. Nínú ìwé tí ìyàwó kọ sí mi kẹ́yìn, ó ní onílé wọn, obìnrin àgbàlagbà kan, fẹ́ ta ilé náà, ó sì ti fi lọ̀ wọ́n kí ó tó fi lọ ẹlòmíràn. Ó ní ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni ó kù lórí ìwé ilẹ̀ náà, àti pé ọkọ òun ń kà á lọ́wọ́, ó ti kà á dé ojú-ìwé kejìlá.